Ìbẹ̀rù ló ń da ajá yín láàmú, kì í ṣe oríkunkun

Bí aago méjìlá òru bá ti lù lọ́jọ́ tí ọdún ń parí lọ, tí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ń hó ìhó ayọ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì ń ju bánńgà sójú títì, ìdùnnú ọdún tuntun ló máa ń gba ọkàn gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀dá kan wà tí kò mọ̀ pé ọdún dé. Gbogbo ohun tí ajá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìnkùlé mọ̀ kò ju pé nǹkan kan ń bú gbàù lókè orí òun, òun kò rí i, òun kò sì mọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Á máa fa ṣéènì títí ọrùn rẹ̀ yóò fi bó. Òmíràn á já ṣéènì náà, á fo ògiri, á sì sá lọ tí wọn kò ní í rí i mọ́. Òmíràn á rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ọmọ ilé bá sì nawọ́ sí i láti fà á jáde, á gé e jẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹjọ́ ajá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. Baálé ilé á mú kòbókò, á ní ajá tí òun ń bọ́ lẹ́ran ti di aláìgbọràn. Ìyàwó ilé á ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra ajá pa jẹ. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ló gé jẹ, àwọn aládùúgbò á ní kí wọ́n pa á kíákíá. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló máa ń béèrè ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú: kí ló dé tí ajá tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fi ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ àná?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹranko ti fún ìbéèrè yìí ní ìdáhùn. Wọ́n ní púpọ̀ nínú ohun tí ènìyàn ń pè ní oríkunkun tàbí wèrè lára ajá àti ológbò, ìbẹ̀rù ló bí i. Bó bá sì jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló bí i, ẹgba kò lè wò ó sàn, ńṣe ni yóò máa dá kún un. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ajá nìkan. Ilé tí ajá bá ti ń gbé nínú ìbẹ̀rù, ọmọdé ilé náà ń gbé nínú ewu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ajá tí ẹ̀rù bà

Etí ajá kì í ṣe ẹgbẹ́ etí ènìyàn. Ìró tó tín-ín-rín jù lọ tí ènìyàn lè gbọ́ ni èyí tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ajá ń gbọ́ èyí tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ó sì tún máa ń gbọ́ ìró jẹ́jẹ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá kí olówó rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ajá mìíràn fi máa ń gbọ̀n nígbà tí òjò kò tíì ṣú dáadáa. Ó ti gbúròó àrá tó ń sán lókèèrè.

Bí ìró náà bá ti wọ etí rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ yóò ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà ara kékeré tó wà lókè kíndìnrín, àwọn yẹn yóò sì tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí àwọn iṣan ẹsẹ̀, ikùn á sì dẹwọ́ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ajá tó ń jáyà kì í fi í jẹun, bó ti wù kí ẹran tí wọ́n gbé fún un dùn tó. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ìgbéraga. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí ẹ̀rù ti gbé ọkàn rẹ̀ lọ náà kì í gbọ́ ohùn olówó rẹ̀, bó ti wù kí olówó rẹ̀ pariwo tó.

Èròjà kejì tún wà tí wọ́n ń pè ní cortisol. Èyí kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, ìyẹn ló sì fà á tí ìbẹ̀rù kan fi máa ń gorí òmíràn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bánńgà dún láàárọ̀ tí ajá jáyà. Lọ́sàn-án, àlejò mẹ́wàá ya wọlé láti wá jẹ ìrẹsì ọdún. Nírọ̀lẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ta kan fa ìrù rẹ̀, ó sì gé e jẹ. Gbogbo ènìyàn á ní nítorí pé ọmọ fa ìrù rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti ń fa ìrù yẹn láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn tí ajá kò sì wí nǹkan kan. Ẹrù ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán ló ti wà lórí rẹ̀ nílẹ̀, ti ìrọ̀lẹ́ ló wá kún un jù.

Ẹranko tí ẹ̀rù bà kò ní ju ọ̀nà mẹ́ta lọ: kó sá, kó dúró sojú kan bí òkú, tàbí kó jà. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kò ní ọ̀nà àtisá. Bí dídúró sojú kan kò bá sì gbà á, eyín nìkan ló kù fún un.

Ó ti sọ̀rọ̀ kó tó bù jẹ

Àṣà Yorùbá ni láti máa fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí wọ́n lè máa fi pàṣamọ̀ sí ẹni tó ń ṣe wọ́n níbi. Bí wọ́n bá pe ajá ní Tàńtọ́lọ́run, ẹni tí wọ́n ń bá wí ní àdúgbò yóò mọ̀ pé òun ni. Báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń fi ajá ránṣẹ́ sí ara wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ajá fúnra rẹ̀ ń sọ, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń fetí sí i.

Ajá kì í ṣàdédé bù ènìyàn jẹ láìṣe ìkìlọ̀ kankan. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe kéré débi pé ojú lè fò ó. Á máa lá ètè rẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀. Á yán bí ẹni tí oorun ń kùn, bẹ́ẹ̀ kò sun oorun. Á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí funfun ẹyinjú rẹ̀ yóò hàn. Á dẹ etí sẹ́yìn, á ki ìrù bọ àárín itan, á máa mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí ooru kò mú. Bí wọn kò bá kọbi ara sí gbogbo èyí, ara rẹ̀ á le gbagidi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lọ́nà ọ̀fun, á sì fi eyín hàn. Lẹ́yìn èyí ló kan bíbù jẹ.

Àṣìṣe ńlá kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe níbí. Bí ajá bá kùn mọ́ ọmọ, wọ́n á fi igi lù ú. Ajá náà á sì kọ́ ẹ̀kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ ni pé òun kò gbọdọ̀ kùn mọ́. Ìbẹ̀rù tó ń bà á kò lọ, ìkìlọ̀ nìkan ló lọ. Nígbà mìíràn tí ọmọ bá sún mọ́ ọn, kò ní í kùn mọ́ kó tó gé e jẹ. Ajá tó ń kùn ń ṣe olówó rẹ̀ lóore. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n rọra mú ọmọ kúrò níwájú rẹ̀, kí wọ́n sì wádìí ohun tó fà á.

Ibi tí ìbẹ̀rù ti ń wọlé

Lọ́dún 1961, àwọn olùwádìí kan ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ajá nínú pápá tí wọ́n sọgbà yí ká, láìjẹ́ kí wọ́n fojú kan ènìyàn tàbí kí ènìyàn fọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú àwọn kan wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, márùn-ún, méje àti mẹ́sàn-án, kí wọ́n lè mọ ènìyàn. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá kò yàtọ̀ sí ẹran ìgbẹ́. Bí wọ́n bá rí ènìyàn, sísá ni. John Paul Scott àti John Fuller, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní ibùdó kan náà, ṣàlàyé nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1965 pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọkàn ọmọ ajá máa ń ṣí sílẹ̀ jù lọ láti gba ohun tuntun mọ́ra. Ohun tó bá pàdé nígbà náà láìsí ìpalára, ohun ayé ni lójú rẹ̀. Ohun tí kò bá pàdé, ó lè máa bẹ̀rù rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n á ra ọmọ ajá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje, wọ́n á tì í mọ́ inú àgò irin lẹ́yìn ilé, wọn kò ní í jẹ́ kó rí àlejò, wọn kò sì ní í tú u sílẹ̀ àfi lóru. Èrò wọn ni pé bó bá mojú ènìyàn púpọ̀, kò ní í lè ṣọ́lé, pé àhámọ́ ni yóò jẹ́ kó burú. Lóòótọ́, yóò burú, ṣùgbọ́n kò ní í mọ olè yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ajá tó ti rí onírúurú ènìyàn láti kékeré, tó mọ ìró jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà àti ẹ̀rín ọmọdé, òun ló máa ń tètè mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó ń rìn lẹ́yìn ògiri ní aago mẹ́ta òru kì í ṣe ẹsẹ̀ rere. Èyí tí ohun gbogbo ń bà lẹ́rù yóò gbó láti alẹ́ mọ́jú, títí tí olówó rẹ̀ kò fi ní í dá a lóhùn mọ́ lọ́jọ́ tí olè bá dé gan-an.

Kí ẹni tó ní ọmọ ajá má sì tìtorí èyí gbé e lọ sójú títì kó tó gba àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, nítorí pé àrùn tó ń pa ọmọ ajá pọ̀ nílẹ̀. Ó lè gbé e mọ́ra rìn ká àdúgbò láìgbé e sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ kí àwọn àlejò tí wọ́n wá sílé fún un ní nǹkan jẹ.

Ọ̀nà kejì tí ìbẹ̀rù ń gbà wọlé ni ìjàǹbá. Yorùbá sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904, fojú ara rẹ̀ rí òótọ́ inú òwe yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1924, omíyalé bo ìlú Leningrad, omi náà sì wọ ilé tí wọ́n ń kó àwọn ajá ìwádìí rẹ̀ sí. Díẹ̀ ló kù kí àwọn ajá náà kú sínú omi kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó kó wọn yọ. Lẹ́yìn ìjàǹbá yìí, àwọn kan nínú wọn gbàgbé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Ó wá kù díẹ̀, wọ́n jẹ́ kí omi díẹ̀ ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ iyàrá tí ọ̀kan nínú àwọn ajá náà wà, ìpayà náà sì padà dé bá a. Omi díẹ̀ yẹn kò lè pa eku, ṣùgbọ́n lójú ajá yìí, omíyalé ti tún dé.

Ọ̀nà kẹta ni àìsàn. Ajá àgbà tí oríkèé ń dùn tàbí tí etí ń ro lè máa kanra mọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ẹranko fi máa ń ní kí wọ́n yẹ ara ẹranko wò kí wọ́n tó sọ pé ìwà rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ẹgba kì í lé ìbẹ̀rù lọ

Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé àwọn na ajá àwọn, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Lọ́dún 1967, Martin Seligman àti Steven Maier ní yunifásítì Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, fi hàn pé ìdákẹ́jẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìwòsàn. Wọ́n fi iná mànàmáná ta àwọn ajá kan níbi tí kò sí ohun tí ajá náà lè ṣe tí yóò dá a dúró. Nígbà tó yá, wọ́n gbé wọn lọ síbòmíràn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fo igi kékeré kan kọjá, wọ́n bọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ajá náà kò tilẹ̀ gbìyànjú. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń ké kúnkún, wọ́n sì ń jẹ ìyà náà lọ. Àwọn tí a kò fi irú ìyà àkọ́kọ́ yẹn jẹ fò kọjá. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí ní láti máa fi okùn fa àwọn tó dùbúlẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n tó tún mọ̀ pé ọ̀nà wà. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ni kò ní í fọwọ́ sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ mọ́ nítorí ìkà tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò parẹ́. Ajá tó dákẹ́ lábẹ́ ẹgba lè jẹ́ ajá tó ti sọ ìrètí nù.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń lé e lọ

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà ìwòsàn tí gbogbo ayé ń lò báyìí ti wá. Joseph Wolpe, dókítà ọmọ Gúúsù Áfíríkà, fi àwọn ológbò ṣe ìwádìí ní Johannesburg. Àwọn ológbò náà ti jìyà iná mànàmáná nínú àgò kan, débi pé wọn kì í jẹun nínú rẹ̀ mọ́, bó ti wù kí ebi pa wọ́n tó. Wolpe kò fi ipá tì wọ́n wọ inú àgò náà. Ó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún wọn nínú iyàrá tí kò jọ iyàrá ìyà yẹn rárá, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ó gbé e lọ sí iyàrá tó jọ ọ́ díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Báyìí ló ṣe ń sún mọ́ ibi ìbẹ̀rù náà títí wọ́n fi jẹun nínú àgò fúnra rẹ̀ láìgbọ̀n. Orí ẹ̀kọ́ yìí ló gbé ìwé tó kọ lọ́dún 1958 lé, ó sì ti wúlò fún ènìyàn ju ẹranko lọ. Àwọn àgbà Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹni tí ajá rẹ̀ ń bẹ̀rù bánńgà lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Kó má dúró di oṣù kejìlá, kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ariwo kò tíì dé, bí oṣù kẹsàn-án. Kó wá ìró bánńgà tàbí àrá sórí fóònù, kó sì gé ẹran sí wẹ́wẹ́. Kó jẹ́ kí ìró náà lọ sílẹ̀ débi pé etí nìkan ni ajá yóò nà, tí kò ní í gbọ̀n. Bí ìró bá ti dún, kí ẹran tẹ̀ lé e, kó má jẹ́ kí ẹran ṣáájú ìró, nítorí pé ohun tí ajá gbọ́dọ̀ kọ́ ni pé ìró yìí ló ń mú ẹran wá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó lóòjọ́. Bó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí ara ajá balẹ̀, kó fi díẹ̀ kún ohùn náà. Oúnjẹ ni òṣùwọ̀n. Ìgbà tí ajá bá kọ ẹran ni ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti yára jù, kí ẹ sì padà sẹ́yìn.

Ọ̀nà kan náà ni fún ajá tó ń bẹ̀rù àlejò. Kí àlejò dúró lókèèrè níbi tí ajá ti lè rí i láìkùn, kí ẹran máa bọ́ sílẹ̀ fún ajá. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, kí àlejò máa sún mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ajá, kò sì gbọdọ̀ na ọwọ́ sí i lórí.

Lọ́jọ́ tí ariwo bá dé

Ọdọọdún ni àwọn ọlọ́pàá máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ta bánńgà, kí wọ́n má sì yìn ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ajá kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìkìlọ̀ yẹn nìkan. Lọ́jọ́ náà, kó mú ajá rìn jáde nígbà tí oòrùn ṣì wà, kó fún un ní oúnjẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá di alẹ́, kó tú u kúrò lórí ṣéènì, kó sì mú un wọ inú iyàrá tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní fèrèsé, kó fa kọ́tìnì, kó tan rédíò tàbí fáànù kí ariwo ìta má bàa wọlé tán. Bí ajá bá fẹ́ wọ abẹ́ tábìlì tàbí inú kọ̀rọ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ọmọdé má sì tẹ̀ lé e. Kó ní ìgbànú lọ́rùn tí nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀, kí ẹni tó bá rí i lè pe olówó rẹ̀ bó bá jàjà sá lọ.

Àwọn kan gbà pé bí ènìyàn bá rẹ ajá tó ń gbọ̀n lẹ́kún, ńṣe ló ń kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù kì í ṣe iṣẹ́ tí ajá ń ṣe kó lè gba owó ọ̀yà. Bó bá wá sẹ́bàá olówó rẹ̀ wá forí pamọ́, kó gbà á, kó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ pa á lára, kó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Ajá tí kò lè dá wà, àti ológbò tó ń tọ̀ sílé

Ní ìlú tí ènìyàn ti ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí tó sì ń wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́, àwọn ajá kan wà tó jẹ́ pé ìdáwà ni ìbẹ̀rù tiwọn. Bí olówó wọn bá ti jáde, wọ́n á máa hu, wọ́n á họ ilẹ̀kùn, wọ́n á jẹ bàtà rẹ̀ wómúwómú. Bàtà náà ni wọ́n máa ń jẹ nítorí pé òórùn olówó wọn wà lára rẹ̀. Bí ó bá dé tó nà wọ́n, ìyẹn á sọ ìpadàbọ̀ rẹ̀ gan-an di ohun ìbẹ̀rù. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ènìyàn máa jáde fún ìṣẹ́jú kan kó sì wọlé, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà márùn-ún, títí ajá yóò fi mọ̀ pé ẹni tó jáde yóò padà. Kí ó sì máa mú un rìn lójoojúmọ́, nítorí pé ajá tí wọn kò mú rìn rárá yóò wá iṣẹ́ mìíràn fún ara rẹ̀.

Ológbò kì í pariwo másùnmáwo tirẹ̀. Bí wọ́n bá kó lọ sílé tuntun, bí ológbò mìíràn bá dé, tàbí bí wọ́n bá gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sún mọ́ ibi tó ń yàgbẹ́ sí, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kó farapamọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ibi gíga tó lè gùn, ibi kọ̀rọ̀ tó lè wọ̀, àti yanrìn mímọ́ tó jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akọ ológbò bá ń lọ síbi ìtọ̀ lemọ́lemọ́ tí ìtọ̀ kò jáde, èyí ti kọjá ọ̀rọ̀ ìwà. Kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ìtọ̀ tó dí lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ikú àti ìyè

Ohun kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ fi pe ìbẹ̀rù. Bí ajá tó tutù bá ṣàdédé ń bu ohun gbogbo jẹ, bí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, bí ohùn rẹ̀ yí padà, tí kò lè gbé nǹkan mì tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà, tó sì jẹ́ pé ajá ló kó o ran 99 nínú 100 wọn. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ nínú wọn. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, àwọn tó yè é lágbàáyé kò tó nǹkan.

Nítorí náà, ajá yòówù kó gé ènìyàn jẹ, ìbáà jẹ́ ìbẹ̀rù ló fà á, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe àgbo. Bí ó bá ṣeé ṣe láìsí ewu, kí wọ́n má pa ajá náà, kí wọ́n tì í mọ́lé kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá kò ṣọ̀wọ́n. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Bí ìbẹ̀rù ẹranko bá ti kọjá ohun tí ènìyàn lè dá ṣe nílé, dókítà ẹranko ló kù. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta. Oògùn wà tí wọ́n lè fi ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀ náà bá ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fún un ní oògùn oorun tàbí oògùn ìrora tí ènìyàn ń lò. Hóró paracetamol kan ṣoṣo lè pa ológbò.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Ajá tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọdún kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Kí ẹ tó nawọ́ mú kòbókò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó gbọ́.